Orí Keje: Abúlé Orí Àtẹ

Ọjọ́ Kérésìmesì ni, ní Àkúrẹ́. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ ti bọ́ bàtà jọ sẹ́nu ọ̀nà, àlejò àkọ́kọ́ ti jókòó. Ìyá ọkọ mi gbé kúlà ìrẹsì jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ibo ni kí n gbé e sí báyìí?" Kò sí àyè. Odidi abúlé ni mo ti tò sórí tábìlì náà láti alẹ́ àná: ilé mẹ́rin, igi ọ̀pẹ, obìnrin mẹ́ta tó ń gúnyán, onílù, ọdẹ, àti adẹ́mu kan tó ń gun ọ̀pẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkánjú kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń bá mi kó o. Kí a tó kó o dé ìdajì, adẹ́mu jábọ́ sórí simẹ́ńtì, apá tó fi di igbà mú kán ní ìgbọ̀nwọ́. Ìyá ọkọ mi ṣì wà lórí ìdúró, kúlà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo to abúlé láì ronú ibi tí yóò yà sí bí oúnjẹ bá dé. Tábìlì ilé wa kì í ṣe tábìlì àwòdúró: orí rẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, orí rẹ̀ la ti ń ṣa ẹ̀wà, tó bá sì di ọjọ́ ọdún, ọ̀wọ́ àlejò mẹ́rin márùn-ún lè jẹun nídìí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀ṣọ́ tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọwọ́ méjì gbé kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kúlà tó jáde láti ilé ìdáná. Ìdí nìyí tí a ó fi kọ́kọ́ kan àtẹ, kí a tó sọ̀rọ̀ ilé tàbí ènìyàn kankan.

Àtẹ

Ẹ wọn tábìlì yín kí ẹ tó lọ bá káfíńtà. Tábìlì ènìyàn mẹ́fà sábà máa ń gùn tó íǹṣì 60, ìbú rẹ̀ a sì tó íǹṣì 36. Àwo oúnjẹ àti ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan ń fẹ́ tó íǹṣì 12 láti etí tábìlì wọlé. Ẹ yọ 12 lápá ọ̀tún, ẹ yọ 12 lápá òsì, 12 ló kù láàrin. Ìbú àtẹ yín nìyẹn. Ní ti gígùn, ẹ má jẹ́ kó kọjá íǹṣì 24. Mo ti kan olíǹṣì 36 rí. Ó wuyì púpọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló ń gbé e, ẹni kejì kì í sì í sí nítòsí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kánkán.

Plywood onídajì íǹṣì ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ pákó gidi, ẹ dé sọ́míìlì, ẹ bèèrè àjẹkù arère. Igi yìí fúyẹ́, ayùn kì í bá a jà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọ̀dà kun ojú àti abẹ́ rẹ̀. Kí káfíńtà kan etí yí i ká, kó ga ní íǹṣì kan, kí iyẹ̀pẹ̀ abúlé má baà dà sínú ọbẹ̀. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kó gbé etí náà sókè dé íǹṣì mẹ́ta, kó sì lu ihò tí ìka mẹ́rin lè gbà wọlé. Ẹ fi sáńpépà ra inú ihò yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò máa gbé.

Ẹ gé sílípásì àtijọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rọ́bà yìí kì í jẹ́ kí àtẹ yọ̀, kì í jẹ́ kó ha ojú tábìlì, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀ kí ìka lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.

Gíga ohun gbogbo tó bá wà lórí àtẹ, títí dé ṣóńṣó òkè, kó má ju íǹṣì 11 lọ. Ẹni tó jókòó lápá kan gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tó jókòó lápá kejì. Ẹ jókòó sídìí tábìlì, kí ẹnì kan na rúlà dúró níwájú yín, ẹ ó rí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dí yín lójú.

Abúlé ta ni a fẹ́ tò?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Department 56 bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé kéékèèké onísẹ́rámíìkì tí yìnyín bo òrùlé wọn, tí iná ń tàn nínú wọn, ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé káàkiri ayé ti ń fi abúlé oníyìnyín ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì. Bí a kò bá sì rí irú rẹ̀ rà níbí, a ń fọ́n òwú sórí páálí, a ní yìnyín ni. Ẹni tó ń ṣe é kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì yẹn kò rí yìnyín rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà tó gbé e sẹ́sẹ̀ kò ní ìtàn kankan láti fi ọwọ́ tọ́ka sí nínú abúlé náà.

Àwọn tó ni àṣà títo abúlé Kérésìmesì yìí pàápàá kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Greccio, nílẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1223, Fransisi Mímọ́ ti Assisi fi ẹran gidi ṣe àfihàn ìbí Jésù. Nígbà tí àwọn ará Naples wá gba àṣà náà, ìlú tiwọn ni wọ́n gbé ibùjẹ ẹran sí. Títí di òní, ní òpópónà San Gregorio Armeno, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe alápatà, ẹlẹ́ja, aláta àti oníbúrẹ́dì kéékèèké tí wọ́n yí Jésù ká. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àwọn ará Provence ní ère amọ̀ wẹ́wẹ́ tiwọn, wọ́n ń pè é ní santon, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ru ẹrù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Tiwa wà nítòsí. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò tó wákàtí méjì sí Àkúrẹ́, ni Justus Akeredolu ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère láti ara ẹ̀gún igi láàrin ọdún 1930 sí 1939. Ẹ̀gún tí mò ń wí kì í ṣe ti àwọn igi ọ̀gbà o. Ara ìtì àwọn igi bí àtà ni wọ́n ti ń hù, wọ́n tóbi, wọ́n sì rọ̀ fún ọ̀bẹ. Òmíràn funfun bí ògì, òmíràn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn sì dúdú bí èèpo igi. Agbẹ́gilére á mú àwọ̀ kan fún ara, á mú òmíràn fún aṣọ, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ láì fi ọ̀dà kan kàn án. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe kò ju ìgbésí ayé wa lọ: obìnrin tó ń gúnyán, onígbàjámọ̀ tó ń fá orí, adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, ọba lórí ẹṣin, àwọn atukọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń ta ayò. Àwọn mìíràn kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òyìnbó tó ṣiṣẹ́ níbí sì kó púpọ̀ lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà.

Mo ní ọ̀kan níwájú mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Obìnrin méjì ló dojú kọ odó kan. Gbogbo wọn kò ga ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ. Ọmọ orí odó kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Èyí ti apá ọ̀tún ti gbé tirẹ̀ sókè, èyí ti apá òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tí iṣu náà kò tíì jinná fún dáadáa. Agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ fa ìlà mẹ́ta sí ìbàdí rẹ̀, ìlà mẹ́ta péré, ẹ ó sì mọ̀ pé ó tún ìró rẹ̀ so kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì àwọn òbí yín ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó tàbí ti ìfẹ̀yìntì lọ̀pọ̀ wọn, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo ibẹ̀. Bí ẹ bá ń rà, ẹ yí i síwájú sẹ́yìn, ẹ wo oríkèé apá àti ẹsẹ̀, torí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ló ti ń kán. Ẹ gbé e lé bébà funfun, ẹ fi ìka gbá ìdí rẹ̀ pẹ́ẹ́. Bí lẹ́búlẹ́bú bá dà sílẹ̀, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé, òkè, àti kòkó tó ń gbẹ

Ère tí ẹ bá ní ni yóò sọ bí ilé yóò ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ère ẹ̀gún kì í ju íǹṣì méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ wọn èyí tó ga jù nínú tiyín. Bó bá jẹ́ íǹṣì méjì àbọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé yóò tó mẹ́ta, ògiri yóò tó mẹ́rin àbọ̀, ṣóńṣó òrùlé yóò wà ní bíi méje. Bí ẹ bá kọ́ ilé láì wọn ère, ọkùnrin yín á ga ju ilé rẹ̀ lọ, abúlé náà yóò sì dà bí ohun ìṣeré tó dà sílẹ̀. Lórí àtẹ 24 sí 12, ilé méjì ló bá a mu. Ilé mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ tò yẹn, inú wọn kò ráyè mí.

Páálí lẹ ó fi ṣe ògiri. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ pupa níwájú ilé yín, ẹ sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí ẹ kò ní fi sẹ́ ògì mọ́, ẹ po ṣíbí méjì rẹ̀ mọ́ ṣíbí kan gọ́ọ̀mù Top Bond àti omi díẹ̀, ẹ fi ìka rẹ́ ẹ mọ́ páálí. Ẹ má ṣe lo búrọ́ọ̀ṣì, ojú ìka ló ń jọ ojú ọwọ́ tó rẹ́ ilé. Bó bá gbẹ tán, á sán wẹ́wẹ́ bí ògiri alámọ̀ gidi.

Òrùlé ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú páálí tó nípọn, èyí tó ní ìlà kọ̀ńgọ̀kọ́ńgọ̀ láàrin. Ẹ fi omi pa ojú kan rẹ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá rọra bó bébà òkè rẹ̀ kúrò. Ìlà inú rẹ̀ yóò yọ síta, páànù pátápátá ni. Ẹ kun ún ní àwọ̀ eérú, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi kàn-ìn-kàn-ìn tẹ ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú sára rẹ̀, kó pọ̀ nísàlẹ̀ níbi tí òjò ti ń sun sí, kó kéré lókè. Ẹni tó bá ti wo òrùlé àárín ìlú Oǹdó láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí kò ní bèèrè ibi tí abúlé náà wà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé agbègbè wa ni, ẹ fi òkè Ìdànrè kan sígun àtẹ. Fóòmù funfun tó ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n ló dára fún un, ẹ fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gbẹ́ ẹ rìbìtì. Ẹ má gbé gọ́ọ̀mù Evostik sún mọ́ ọn o, ẹ má sì fi ọ̀dà olóòórùn kẹ́rosín kun ún, wọn yóò jẹ ẹ́ wọ inú bí iyọ̀ ti ń jẹ ìgbín. Top Bond àti ọ̀dà olómi nìkan ni. Ẹ ya ìwé ìròyìn sí wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú láfún tí ẹ rò lórí iná, ẹ fi bò ó ní ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ kun ún ní àwọ̀ eérú, ẹ sì fi omi dúdú fa ìlà láti òkè wá sílẹ̀. Òkúta Ìdànrè ní ìlà bẹ́ẹ̀ níbi tí omi òjò ti ń gba ara rẹ̀ ṣàn. Àtẹ̀gùn orí òkè náà lé ní 600, ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀. Ogún ti tó, ojú á parí èyí tó kù.

Ìgbà Kérésìmesì ni kòkó ń gbẹ níwájú ilé àti létí ọ̀nà ní agbègbè Oǹdó àti Ìdànrè, nítorí náà ẹ tẹ́ ẹní kékeré kan síwájú ilé. Ẹ gún èèpo kóró kòkó gbígbẹ kó rún wẹ́wẹ́, kó má kúnná, ẹ dà á sórí ẹní náà pẹrẹsẹ, ẹ fi eyín kóòmù fa ojú rẹ̀ bí ẹni fi ọwọ́ tú u. Kòkó gidi ni, ó ń ta sánsán sí imú ẹni tó bá tẹ̀ sí i.

Igi àti koríko kò gba wàhálà: kàn-ìn-kàn-ìn tí ẹ rẹ sínú aró tútù fún ewé, lẹ́búlẹ́bú pákó sọ́míìlì tí ẹ pa láró fún koríko.

Níbi tí àwọn mìíràn ń fi òwú ṣe yìnyín, ẹ jẹ́ kí tiwa jẹ́ ọyẹ́. Ẹ gún ẹfun kó kúnná, ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ dìde dúró, ẹ fi ọwọ́ lu aṣọ náà lókè àtẹ lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Eruku yóò rọra bà lé òrùlé, lé ewé, lé ṣóńṣó òkè. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé ère ẹ̀gún sí i, torí tí ẹfun bá wọ inú ìlà tí ọ̀bẹ fà, kì í fẹ́ jáde mọ́.

Bí ère yóò ṣe dúró

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ère ẹ̀gún mọ́ àtẹ. Ẹ ó fẹ́ gbé e kúrò lọ́jọ́ kan, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì kán. Ìda oyin ni kí ẹ lò. Ẹ gé èyí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ fi ìka pò ó títí yóò fi rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ pákó tí ère dúró lé, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ fi ìka méjì tẹ pákó náà. Ẹ má tẹ orí rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ yọ ọ́, ẹ fi òwú ìránṣọ há abẹ́ rẹ̀, ẹ fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi òwú gé ẹyin sísè. Á yọ láì fipá.

Àwọn tó na ọwọ́ jáde, adẹ́mu àti ọdẹ tó gbé ìbọn, ẹ fi wọ́n sáàrin àtẹ, kí wọ́n jìnnà sí ihò ìdìmú, torí ibẹ̀ ni àpò ẹ̀wù ti ń kọ́ nǹkan. Àwọn tó jókòó, àwọn tó ń ta ayò, ẹ lè fi wọ́n sétí.

Ẹ má gbé àbẹ́là sórí àtẹ, ì báà jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́búlẹ́bú pákó, páálí, fóòmù, ọyẹ́ gidi tó ti gbẹ gbogbo nǹkan: kò yẹ kí iná ààyè wà láàrin wọn. Iná wẹ́wẹ́ oníbátìrì kan, tí ẹ tì bọ inú ilé láti ẹ̀yìn, yóò tàn gba fèrèsé jáde, kò sì ní kú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ ti yan ibi tí àtẹ yóò lọ. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n ni tiwa. Lójú ọjọ́ ọdún, kí ẹnikẹ́ni má gbé kọ́kọ́rọ́, Bíbélì tàbí fìlà sí ibẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ gbé àtẹ láti tábìlì dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹsẹ̀ yín mọ ọ̀nà. Bí nǹkan kan bá mì, ẹ fi ìda kún un.

Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣe Kérésìmesì ní Àkúrẹ́, wọ́n á sì lọ ṣe ọdún tuntun ní ilé bàbá ní Oǹdó. Ìrìn náà tó nǹkan bí kìlómítà 45, kò jìnnà, ṣùgbọ́n kòtò kan péré ti tó láti sọ abúlé di ahoro. Ẹ yọ àwọn tó na ọwọ́ jáde kúrò, ẹ fi òwú wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kó wọn sínú ike tó ní ìdérí. Àwọn ilé àti òkè lè dúró sí àyè wọn. Ẹ fi aṣọ ìnura kún àárín wọn, ẹ gbé àtẹ sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù níbi tí oòrùn ti ń mú ìda rọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ wọ̀, orí itan ni àyè rẹ̀. Íǹṣì 24 kò ní ni ẹni tó jókòó tì yín lára púpọ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Tí ẹ bá dé Oǹdó, ẹ kọ́kọ́ fi í han àwọn àgbà ilé kí ẹ tó gbé e sórí tábìlì. Bàbá ọkọ mi wo tiwa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ẹní kòkó wa ti sún mọ́ ògiri jù, pé òjìji ilé kò ní jẹ́ kó gbẹ. Mo sún un síwájú.

Nígbà tí ọdún bá kọjá, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ère, ẹ má fi omi kàn án. Ẹ kó ère sínú páálí tirẹ̀ pẹ̀lú káńfọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi káńfọ̀ sínú páálí tí òkè fóòmù wà, torí ó lè mú kí fóòmù yọ́. Àtẹ náà kò gbọdọ̀ sùn títí di Kérésìmesì tó ń bọ̀. Tó bá di Ìléyá, ẹ gbé ibùjẹ ẹran kúrò bí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ so àgbò méjì mọ́ abẹ́ igi, ilé àti òkè kan náà ni.

Adẹ́mu wa ṣì wà láàyè. Ẹ̀kán Top Bond kan ló so apá rẹ̀ padà, mo fi ẹ̀há ìgbálẹ̀ méjì dì í mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ojú ibi tó kán ṣì hàn bí ìlà òwú dúdú. Mo gbin ọ̀pẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, mo sì kọ ìgbọ̀nwọ́ yẹn sí ìhà òkúta.